Lẹ́ǹsì ojú ẹja fún kámẹ́rà rangefinder onífíìmù: èwo ló yẹ yín?

Kámẹ́rà rangefinder, ìyẹn èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìnnà ohun tí ẹ fẹ́ yà kí fókọ́ọ̀sì lè bá a mu, kì í gba inú lẹ́ǹsì wo nǹkan. Fèrèsé kékeré tó wà lókè ara rẹ̀ lojú yín ń gbà, fèrèsé náà kò sì mọ irú lẹ́ǹsì tí ẹ so mọ́ iwájú. Ẹ lè so lẹ́ǹsì ojú ẹja tó ń rí láti etí òsì dé etí ọ̀tún mọ́ ọn, fèrèsé yẹn á ṣì máa fi ìwọ̀nba tí lẹ́ǹsì 50 mílímítà rí hàn yín. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fọ́tógíráfà fi gbà pé kámẹ́rà SLR, èyí tó ń fi dígí gba inú lẹ́ǹsì wo nǹkan, nìkan ló ni lẹ́ǹsì ojú ẹja, pé ẹni tó bá ní Zorki, FED, Canonet, Bessa tàbí Leica kó gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́ǹsì tó kúrú báyìí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ṣe wàhálà fókọ́ọ̀sì lórí òun. Ẹ mú lẹ́ǹsì 16 mílímítà, ẹ ti ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀ dé f/8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe ń tóbi ni ihò ń kéré), ẹ gbé òrùka fókọ́ọ̀sì sí mítà kan ó lé díẹ̀, ìyẹn 1.1. Ohun gbogbo láti nǹkan bí 55 sẹ̀ǹtímítà sí iwájú kámẹ́rà títí dé góńgó òkè Ìdànrè lọ́ọ̀ọ́kán ló máa mọ́ kedere. Ní f/11, ẹ gbé e sí 0.8 mítà, 40 sẹ̀ǹtímítà ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ti 8 mílímítà tilẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní f/8, ó kù díẹ̀ kí ohun tó fara kan lẹ́ǹsì gan-an mọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ tí rangefinder kò lè ṣe fún lẹ́ǹsì yìí, lẹ́ǹsì náà kò nílò rẹ̀. Ibi tí ìyọnu wà ni bí ẹ ṣe máa so ó mọ́ kámẹ́rà, àti bí ẹ ṣe máa mọ ohun tó wọ inú àwòrán. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ọgbọ́n àti owó yín sí.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni irú àwòrán tí ẹ fẹ́. Oríṣi méjì ni ojú ẹja. Ọ̀kan máa ń ya àwòrán róbótó sí àárín fíìmù, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì dúdú kirikiri. Fíìmù yín jẹ́ 24 sí 36 mílímítà. Róbótó tó fẹ̀ tó 24 mílímítà kò gbà ju ìdajì rẹ̀ àti díẹ̀ lọ, owó ìyókù ti wọgbó. Èkejì máa ń kún fíìmù láti igun dé igun, dígírì 180 rẹ̀ sì jẹ́ láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́. Ilà tó bá gba àárín gbùngbùn kọjá á dúró ṣánṣán nínú àwọn méjèèjì; ilà tó bá jìnnà sí àárín á tẹ̀ bí ọrun.

Èkejì ni bó ṣe ń so mọ́ kámẹ́rà yín, nítorí lẹ́ǹsì tó dára lórí ẹnu tí kò bá a mu, òfò ni. Ẹ̀kẹta ni ìwòran, ìyẹn ohun tí ẹ máa yọjú wò láti mọ ohun tó wọ inú àwòrán. Ẹ̀kẹrin ni owó, gbogbo owó: lẹ́ǹsì, àdápítọ̀ (òrùka tó ń so lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà tí ẹnu rẹ̀ yàtọ̀), owó ìkẹ́rù láti òkè òkun, àti fíìmù kan tàbí méjì tí ẹ máa fi dán an wò kí ẹ tó gbé e jáde fún iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ìwòran, torí ó kan gbogbo wọn. Àwọn ìwòran ojú ẹja tó ń wọ orí kámẹ́rà wà lọ́jà, wọ́n sì dára, ṣùgbọ́n ohun kan wà nílé yín tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà: ojú ihò ara ilẹ̀kùn, èyí tí ẹ fi ń yọjú wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Lẹ́ǹsì ojú ẹja kékeré ni òun náà. Àwọn tó ń ta kọ́kọ́rọ́ àti irin ilẹ̀kùn ní Àkúrẹ́ ní i. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ń rí dígírì 180 tàbí 200. Ẹ tú u, ẹ fi ẹ̀pọ́sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin pẹlẹbẹ tó lè wọ ibi tí wọ́n ń so fláàṣì mọ́ lórí kámẹ́rà, kí ibi tó ń rí iwájú dojú kọ iwájú. Ẹ wá ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà nígbà tí kò sí fíìmù nínú rẹ̀. Ẹ gbé ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù, sí B tó ń jẹ́ kó wà ní ṣíṣí níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ fi wáyà ìtẹ ṣọ́tà há a kó wà ní ṣíṣí. Ẹ na pépà tírésìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkìtẹ́kítì fi ń yàwòrán ilé sójú ibi tí fíìmù máa ń gbà kọjá, ẹ fi gíláàsì pẹlẹbẹ kan tẹ̀ ẹ́. Àwòrán á hàn lórí pépà náà, ní àyípadà orí sódì. Ẹ fi wé ohun tí ihò ilẹ̀kùn ń fi hàn, kí ẹ fi máákà sàmì ibi tí àwòrán parí sí. Ìṣẹ́jú 15 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan kò ní í ya ìka ara rẹ̀ mọ́.

Ìka gan-an ni wàhálà tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀yìn ìka, okùn ọrùn kámẹ́rà, bàtà ẹni tó ń yà á: lẹ́ǹsì dígírì 180 rí gbogbo wọn. Ẹ di kámẹ́rà mú láti ẹ̀yìn, kí ìka yín má kọjá iwájú ara rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé ìdérí. Nínú SLR, òkùnkùn ni ẹ máa rí tí ìdérí bá wà lójú lẹ́ǹsì. Nínú rangefinder, fèrèsé mọ́ gaara, ẹ lè ya fíìmù 36 tán pẹ̀lú ìdérí lójú. Ẹ so ìdérí náà mọ́ okùn kó máa fì níwájú yín.

Gíláàsì àfimọ́ tó ń lọ síwájú lẹ́ǹsì

Èyí ló dín owó jù, òun nìkan sì ni ọ̀nà fún kámẹ́rà tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kì í yọ: Canonet QL17 GIII, Yashica Electro 35, Minolta Hi-Matic 7s àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n máa ń kọ 0.42x, 0.21x tàbí 0.15x sí i lára. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn lọ́po mílímítà lẹ́ǹsì yín. Canonet jẹ́ 40, pẹ̀lú 0.42x ó di nǹkan bí 17. Yashica jẹ́ 45, pẹ̀lú 0.21x ó di nǹkan bí 9 àti ààbọ̀.

Ẹ wo ìwọ̀n tírẹ́ẹ̀dì kí ẹ tó sanwó. Canonet QL17 GIII jẹ́ 48 mílímítà, Yashica Electro 35 GSN jẹ́ 55. Gíláàsì àfimọ́ tó pọ̀ lọ́jà jẹ́ 52 tàbí 58, nítorí náà ẹ máa nílò òrùka ìsopọ̀, 48 sí 52 tàbí 55 sí 58. Òrùka yìí kò wọ́n.

Ẹ gbé lẹ́ǹsì kámẹ́rà sí àmì ∞ (ibi tó jìnnà jù), ẹ ti ihò dé f/8 tàbí f/11. Tí ihò bá ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí àwòrán á ràn bí epo tó dà sórí omi, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i lẹ́yìn náà. Gíláàsì náà wúwo. Òrùka fókọ́ọ̀sì ló ń rù ú, ó sì lè mú kí òrùka náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ máa fi ọwọ́ òsì gbé e láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì tú u kúrò tí ẹ bá ti yà tán.

Ohun tó ń dààmú ẹni lórí Canonet ni ojú tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Inú òrùka lẹ́ǹsì ló wà, gíláàsì àfimọ́ á sì bò ó. Á wá rò pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, á ṣí ihò ju bó ti yẹ lọ, àwòrán á sì funfun bòkùbòkù. Ẹ yọ òrùka kúrò lórí A, ibi tí kámẹ́rà ti ń yan ihò fúnra rẹ̀, ẹ fọwọ́ gbé ihò àti ṣọ́tà fúnra yín; ṣọ́tà Canonet kò nílò bátìrì láti ṣiṣẹ́. Ti Yashica yàtọ̀: ara kámẹ́rà ni ojú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà, lóde lẹ́ǹsì, gíláàsì kì í sábà bò ó. Àmọ́ Yashica kò ní ṣọ́tà àfọwọ́gbé, bátìrì ló gbé ẹ̀mí rẹ̀ dání.

Ànfààní ńlá kan wà tí àwọn tó ń fojú tín-ín-rín àwọn kámẹ́rà yìí kì í rò. Inú lẹ́ǹsì ni ṣọ́tà wọn wà, nítorí náà Canonet lè bá fláàṣì ṣiṣẹ́ dé ìyára ṣọ́tà 1/500 ìṣẹ́jú àáyá. Zorki kò lè kọjá nǹkan bí 1/30, Leica M àtijọ́ kò kọjá 1/50. Ní ọ̀sán gangan lóde ìgbéyàwó, tí ìyàwó ń jó lábẹ́ kánópì, tí oòrùn sì ń jó lẹ́yìn rẹ̀, 1/500 pẹ̀lú fláàṣì ló máa jẹ́ kí ojú rẹ̀ àti ojú ọ̀run jọ hàn. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun bo ojú fláàṣì, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tàn dé etí dígírì 180. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àárín á funfun, etí á dúdú.

Lẹ́ǹsì 16 mílímítà ti SLR pẹ̀lú àdápítọ̀

Ibí yìí ni mo máa dúró sí pẹ́, torí òun ni mo gbà pé ó yẹ ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tí lẹ́ǹsì kámẹ́rà wọn ń yọ.

Zenitar 16 mílímítà f/2.8 tí wọ́n ń ṣe ní Krasnogorsk ní Rọ́ṣíà ni ẹ máa rí lówó tó rọjú. Ó ń kún fíìmù, dígírì 180 láti igun dé igun. Èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ M42, tírẹ́ẹ̀dì mílímítà 42, ni kí ẹ wá. Fílítà kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ yọ láìfi òmíràn rọ́pò, torí wọ́n ti ṣírò gíláàsì yẹn mọ́ lẹ́ǹsì. Ẹni tó bá ra àlòkù tí fílítà yìí ti sọnù, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ kò ní í bá ohun tí wọ́n kọ sára òrùka mu mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kó ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́.

Ó wá kan àdápítọ̀. Ẹnu kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ní jíjìnnà tirẹ̀ sí fíìmù. Ti Leica M jẹ́ 27.8 mílímítà, ti Leica onítírẹ́ẹ̀dì, Zorki àti FED jẹ́ 28.8, ti M42 jẹ́ 45.46, ti Nikon F jẹ́ 46.5. Iṣẹ́ àdápítọ̀ ni láti dí àlàfo tó wà láàárín. M42 sórí Leica M gbọ́dọ̀ nípọn 17.66 mílímítà, Nikon F sórí M, 18.7, M42 sórí Zorki, 16.66.

Ẹ má fojú kékeré wo ìdá mílímítà tó wà nínú nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Lẹ́ǹsì gígùn máa ń fara da àṣìṣe, èyí tó kúrú kì í fara dà á. Tí àdápítọ̀ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà nípọn jù, tí ẹ gbé lẹ́ǹsì 16 sí ∞, ohun tó wà ní mítà méjì àtààbọ̀ ló máa mọ́, òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kò ní í mọ́ láéláé. Lórí lẹ́ǹsì 8 mílímítà, àṣìṣe kan náà á gbé e wá sí 64 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tó tín-ín-rín jù sàn díẹ̀: nọ́ńbà ara òrùka á máa purọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dá òrùka padà díẹ̀ láti ∞ sí mítà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ máa bá òkè níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fi pépà tírésìn dán àdápítọ̀ wò, pẹ̀lú ihò ní ṣíṣí dé f/2.8, kí ẹ dojú kọ òpó iná tó jìnnà, kí ẹ fi gíláàsì ìmúǹkantóbi wò ó. Tó bá jẹ́ pé ó yapa díẹ̀, f/8 máa bo àṣìṣe náà: ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn kò ní í hàn lójú fíìmù. Ní f/2.8, á hàn.

Àṣìṣe kejì wà lára lẹ́ǹsì M42 fúnra rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa: tí pín-ìnnì kékeré kan bá yọrí níbẹ̀, kámẹ́rà SLR ló yẹ kó máa tẹ̀ ẹ́ kí ihò lè tì. Àdápítọ̀ tí kò ní pèpéle nínú kò ní í tẹ̀ ẹ́. Ẹ óò yí òrùka sí f/11, ihò á ṣì wà ní f/2.8, gbogbo fíìmù yín á sì jó. Ẹ yí òrùka ihò, kí ẹ yọjú wo inú lẹ́ǹsì. Tí ẹ kò bá rí i kó máa tì, ẹ dá àdápítọ̀ padà.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti àwọn oní-Zorki àti FED. Tírẹ́ẹ̀dì M39 tí ẹ rí lára lẹ́ǹsì kò sọ pé ti rangefinder ni. Zenit àkọ́kọ́, tó jẹ́ SLR, lo tírẹ́ẹ̀dì M39 pẹ̀lú. Lẹ́ǹsì irú rẹ̀ á wọ ẹnu Zorki wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì ní í rí nǹkan kan kó mọ́, torí ó ti sún mọ́ fíìmù ju bó ti yẹ lọ.

Tí gbogbo èyí bá ti tò, ìgbádùn ló kù. Nítorí dígí tó ń gbéra nínú SLR, wọ́n ṣe lẹ́ǹsì yìí kí ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí fíìmù, nítorí náà kì í kan ṣọ́tà, kì í sì í dí ojú ìmọ́lẹ̀ inú Bessa tàbí Leica M6. Àmọ́ ojú ọ̀run ló máa ń gba ìdajì àwòrán, ó sì ń tan ojú ìmọ́lẹ̀ náà jẹ. Ẹ kọ́kọ́ dojú kámẹ́rà kọ ilẹ̀ tàbí koríko, ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ tó gbé e sókè yà. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ kò ní ojú ìmọ́lẹ̀, fíìmù ISO 200 (nọ́ńbà bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó) nínú oòrùn Àkúrẹ́ tó ràn dáadáa: f/11, 1/500. Tí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, f/8. Lórí Zorki 4, ẹ fa fíìmù kí ẹ tó yí ìyára ṣọ́tà, má ṣe yí i kí ẹ tó fà á. Ó ń ba irin inú rẹ̀ jẹ́.

Oòrùn yẹn náà ní ewu mìíràn. Rangefinder kò ní dígí tó ń bo ṣọ́tà, aṣọ onírọ́bà sì ni ṣọ́tà Zorki, FED àti Leica M tó ń lo fíìmù. Lẹ́ǹsì tó ń rí dígírì 180 kì í sábà ṣàì rí oòrùn. Tí ẹ bá gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tí ojú rẹ̀ kọ òkè, tí ihò sì wà ní f/2.8, oòrùn lè jó ihò bíńtín sínú aṣọ náà, láti ọjọ́ yẹn gbogbo àwòrán á máa ní ẹ̀kán funfun kan níbi kan náà. Ẹ fi í sí f/16 tí ẹ kò bá yàwòrán, kí ẹ sì dé e.

Peleng 8 mílímítà f/3.5

Bẹ̀lárúùsì ni wọ́n ti ń ṣe é, ní Minsk. Àwòrán róbótó ló ń yà, etí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì lè gé díẹ̀ lára fíìmù. Ó rọrùn ju Zenitar lọ níbì kan: òrùka ihò rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan láti yan nọ́ńbà, èkejì láti ti ihò, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Kò sí pín-ìnnì kankan tí àdápítọ̀ máa tẹ̀. Gíláàsì iwájú rẹ̀ wú bí ojú àkèré, ẹ kò lè fi fílítà bò ó, eruku ọyẹ́ á sì máa bà lé e lójoojúmọ́. Fẹ́ ẹ kúrò pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ kí ẹ tó fi aṣọ kàn án. Iyanrìn lára aṣọ ló ń ha gíláàsì.

Èrò mi ni pé ẹwà àwòrán róbótó kì í pẹ́ sú ni. Ó dùn fún ibi tó jẹ́ róbótó tẹ́lẹ̀ tàbí tó yí ènìyàn ká: àgbàlá ààfin àtijọ́ lókè Ìdànrè, abẹ́ igi ìrókò tí ẹ dojú kọ òkè, àárín ìlù tí àwọn onílù pa òbìrí ká. Lẹ́yìn fíìmù kejì, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ronú owó igun dúdú.

TTArtisan 11 mílímítà f/2.8

Àwọn ará Ṣáínà ló ń ṣe é, wọ́n sì ń ta èyí tó ní ẹnu Leica M ní tààrà. Kò sí ọ̀rọ̀ àdápítọ̀, kò sí ìdá mílímítà, kò sí pín-ìnnì. Ó ń kún fíìmù, dígírì 180 láti igun dé igun. Ní f/8, ẹ gbé e sí ìdajì mítà, láti nǹkan bí 25 sẹ̀ǹtímítà lọ ló máa mọ́. Ó wọ́n ju Zenitar àlòkù lọ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ka owó àdápítọ̀ tó péye àti fíìmù ìdánwò tí ẹ máa sọnù mọ́ ti Zenitar, ìyàtọ̀ náà kì í tó bí ó ti jọ. Ẹni tó ní Leica M tàbí Bessa ẹnu M, tó sì fẹ́ fi ṣiṣẹ́ owó, ibí ni kó wò. Ẹni tó ní Zorki kò lè lò ó rárá: lẹ́ǹsì ẹnu M kì í wọ ẹnu onítírẹ́ẹ̀dì.

Kámẹ́rà Fisheye ti Lomography

Kì í ṣe rangefinder, ó sì yẹ ká dárúkọ rẹ̀, torí owó gíláàsì àfimọ́ tó dára àti owó tirẹ̀ kì í jìnnà síra. Lẹ́ǹsì 10 mílímítà, dígírì 170, ihò f/8, ṣọ́tà 1/100, kò sí ohun tí ẹ lè yí. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti wá ní ìlú olóòrùn. Fíìmù ISO 400 nínú oòrùn ọ̀sán gangan á gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 16 ohun tó nílò. ISO 100 á gba ìlọ́po mẹ́rin, fíìmù aláwọ̀ sì lè fara da ìyẹn. Ẹ lo 100 ní ọ̀sán, 400 ní ọjọ́ tí òjò ṣú. Ìkejì rẹ̀, Fisheye No. 2, ní B àti ìwòran ojú ẹja tirẹ̀, ẹ sì lè ya àwòrán méjì lé ara wọn.

Voigtländer 15 mílímítà f/4.5, tí kì í ṣe ojú ẹja

Mo fi í síbí torí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wá ojú ẹja, ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an ni kí yàrá kékeré wọ inú àwòrán tán. Lẹ́ǹsì yìí jáde ní 1999 fún ẹnu onítírẹ́ẹ̀dì, nítorí náà ó wọ Zorki, Bessa onítírẹ́ẹ̀dì àti, pẹ̀lú òrùka tẹ́ẹ́rẹ́, Bessa ẹnu M àti Leica M. Dígírì 110 ló ń rí, ilà kì í sì í tẹ̀ nínú rẹ̀: òpó ilé á dúró ṣánṣán, àjà á tẹ́jú. Èyí àkọ́kọ́ kò so mọ́ rangefinder, ẹ óò fi nọ́ńbà òrùka ṣe fókọ́ọ̀sì bíi ti ojú ẹja. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra tí ènìyàn bá wà létí àwòrán. Ohun tí lẹ́ǹsì yìí fi gba ilà là ni pé ó ń fa etí gùn. Ẹ to ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ìlà kan: gèlè ìyá tó dúró létí á gùn bí ìyẹ́ ẹyẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì lè bínú sí yín. Ojú ẹja kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń tẹ òpó kánópì bí ọrun, ṣùgbọ́n orí ẹni tó wà létí á ṣì jẹ́ orí ènìyàn, á kàn kéré ni. Níbi tí ilé bá ti ṣe pàtàkì ju ènìyàn, 15. Níbi tí ènìyàn bá ti ṣe pàtàkì ju ilé, ojú ẹja.

Bí ẹ ṣe máa gbé ojú ẹja kí ìtẹ̀ rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún yín

Ẹ ra lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré bíi ti bíríkìlà, èyí tó ń wọ ibi tí wọ́n ń so fláàṣì mọ́. Tí kámẹ́rà bá tẹ́jú, ibi tí ọ̀run àti ilẹ̀ ti pàdé á gba àárín kọjá, á sì tọ́. Ẹ dorí rẹ̀ kodò díẹ̀, ilà náà á lọ sókè, á wú bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ẹ gbé e sókè, á lọ sísàlẹ̀, á sì jìn bí abọ́. Lórí àtẹ̀gùn Ìdànrè, tó ju 600 lọ, ẹ to ojú àtẹ̀gùn náà sí àárín gbùngbùn: á dúró ṣánṣán, àpáta ọ̀tún àti òsì á sì tẹ̀ wọlé bíi pé wọ́n fẹ́ gbá a mọ́ra. Ẹ fi ojú òpópónà Ọba Adésidà dán irú rẹ̀ wò, kí òpó iná kan ṣoṣo wà láàárín. Òun nìkan ló máa tọ́ láàárín gbogbo òpó tó kù. Ẹ sún mọ́ ohun tí ẹ ń yà ju bí ojú yín ti fẹ́ lọ. Ohun tó wà ní mítà mẹ́ta nínú ojú ẹja ti di kékeré bí èèrà. Ìdajì mítà ni iṣẹ́ rẹ̀.

Nípa láàbù, ẹ béèrè kí ẹ tó ra fíìmù bóyá àdúgbò yín ṣì ní ẹni tó ń fọ aláwọ̀, tàbí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí Èkó tàbí Ìbàdàn. Ẹ kọ ọ́ sára àpò fíìmù pé kí wọ́n má gé e. Ẹ̀rọ wọn máa ń wá etí àwòrán láti mọ ibi tó máa gé, igun dúdú ti Peleng àti ti gíláàsì àfimọ́ sì ń dà á láàmú. Ó lè gé róbótó sí méjì.

Ta ni kó mú èwo

Tí kámẹ́rà yín bá jẹ́ Canonet tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀, gíláàsì àfimọ́ 0.42x ni, kí ẹ ra ìyẹn ṣáájú 0.15x, róbótó tí 0.15x ń yà kéré gan-an lórí fíìmù, etí rẹ̀ sì ń ràn jù. Ẹni tó ń ya òde ìgbéyàwó pẹ̀lú fláàṣì, kó má fi èyí ṣeré.

Oní-Zorki, FED tàbí Leica onítírẹ́ẹ̀dì, Zenitar 16 pẹ̀lú àdápítọ̀ 16.66 tí ẹ ti dán wò. Tí ẹ kò bá rí àdápítọ̀ tó péye, ẹ má ra lẹ́ǹsì náà. Ẹ mú Voigtländer 15 tí owó bá wà, tàbí kámẹ́rà Lomography tí kò bá sí.

Oní-Leica M tàbí Bessa ẹnu M tó fẹ́ kí iṣẹ́ yá, TTArtisan 11. Ẹni tó ní Zenitar tẹ́lẹ̀ látọ̀dọ̀ SLR, kó ra àdápítọ̀ 17.66 nìkan, kó má náwó lẹ́ẹ̀mejì.

Peleng 8 wà fún ẹni tó ti lo ojú ẹja tó ń kún fíìmù, tó sì mọ̀ dájú pé róbótó lòun ń fẹ́.

Ọ̀dọ́ tó fẹ́ mọ̀ bóyá ojú ẹja bá òun lára mu, Lomography pẹ̀lú fíìmù ISO 100, kó lo fíìmù mẹ́ta kó tó ná owó ńlá.

Ẹni tó sì ń ya yàrá ilé ìtura tàbí ilé tí wọ́n fẹ́ tà, Voigtländer 15 ni tirẹ̀. Oníbàárà tó fẹ́ ra ilé kò fẹ́ rí ògiri tó tẹ̀.